Kí Ni Microwave Ń Ṣe sí Òòfà Inú Ṣájà Wa?

Ẹ wo wáyà ṣájà laptop yín. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ máa rí kókó kan tó yọ gọngọ nítòsí ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Fẹ́ráìtì ló wà nínú kókó yẹn, irú òòfà kan tó ń gbé ariwo iná tí kò yẹ kó gba inú wáyà kọjá mì. Òmíràn tún wà nínú ṣájà fúnra rẹ̀, òun ni wọ́n ká wáyà bàbà yí. Bí ṣájà yín bá ń gbóná, ara ohun tó ń fà á ni agbára tó ń ṣòfò nínú fẹ́ráìtì yìí. Bí wọ́n ṣe sun ún sì wà lára ohun tó ń pinnu bí òfò náà ṣe máa pọ̀ tó.

Ìpẹtà irin ló pọ̀ jù nínú fẹ́ráìtì. Wọ́n á pò ó mọ́ èròjà síǹkì àti níkẹ́ẹ̀lì tàbí máńgánísì, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó mú ìrísí tí wọ́n fẹ́, wọ́n á wá sun ún, bí àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin ṣe ń sun amọ̀. Yogoro Kato àti Takeshi Takei ló ṣe é ní Tokyo ní 1930, ilé iṣẹ́ TDK sì bẹ̀rẹ̀ lórí iṣẹ́ wọn ní 1935.

Kí ló dé tí wọn ò kàn lo irin gan-an? Irin máa ń gbé iná. Bí iná inú wáyà bá ń yí padà ní nǹkan bí ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe ń rí nínú ṣájà òde òní, iná kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo nínú irin náà, á sì gbóná bí ààrò. Ìdílé kan náà ni fẹ́ráìtì àti tánganran. Agbára káká ni iná fi ń gba inú rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ òòfà ni.

Iná ìléru ni wọ́n sábà fi ń sun ún, láàárín 1,100 àti 1,400 °C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Sintering ni òyìnbó ń pè é. Ìyẹ̀fun náà kì í yọ́. Àwọn hóró rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ra, tí ihò àárín wọn ń dí. Ṣùgbọ́n ìta ni ooru ti ń wọlé. Ṣé ẹ ti sun iṣu rí? Èèpo á ti jó, inú ṣì tutù. Kí inú tó jinná, ẹ ní láti dúró. Bí ẹ sì ṣe ń dúró ti fẹ́ráìtì, nǹkan méjì ń ṣẹlẹ̀: àwọn hóró ńlá ń gbé àwọn kékeré mì, síǹkì náà sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí síǹkì bá sì ti dín kù, irin inú rẹ̀ á yíwà padà, fẹ́ráìtì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná.

Microwave tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń lo irú ìgbì tó wà nínú ti ilé ìdáná, èyí tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 2.45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fẹ́ráìtì fúnra rẹ̀ ló ń fa agbára ìgbì náà mu, nítorí náà inú rẹ̀ gan-an ni ooru ti ń jáde. Nígbà tó bá ṣì tutù, kì í fà á dáadáa, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi silicon carbide yí i ká, ohun dúdú tó máa ń wà lára sáńpépà, kó kọ́kọ́ bá a gbóná. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí lè wá parí láàárín ìdajì wákàtí. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò nínú microwave ilé yín.)

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, òòfà pín sí àdúgbò àdúgbò. Gbogbo ará àdúgbò kan kọjú síbì kan náà, ògiri sì wà láàárín àdúgbò kan àti èkejì. Bí iná bá dé sínú wáyà, ògiri yẹn ló ń sún: àdúgbò kan á fẹ̀ sí i, èkejì á súnkì. Nínú hóró ńlá, ògiri ráàyè rìn, òòfà náà á tètè gbọ́ràn. Nínú hóró kékeré, ààlà hóró á dá ògiri dúró, ó sì di dandan kí ẹ fi agbára tì í. Oríkunkun ni mo máa ń pe ìwà yìí.

Ohun tí microwave ń ṣe ni pé ó ń dí ihò kí hóró tó ráàyè dàgbà. Ọwọ́ méjì ló wá ń fà á. Fẹ́ráìtì tó ki dáadáa ní òòfà púpọ̀ sí i nínú ìwọ̀n àyè kan náà, ihò kò sì dí ògiri lọ́nà mọ́. Ṣùgbọ́n hóró kéékèèké ń fi kún oríkunkun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ààlà hóró ti pọ̀, síǹkì ò sì ráàyè sá lọ púpọ̀, nítorí náà iná ò rọ́nà gbà, ooru á dín kù.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún ẹni tó bá kàn sọ pé microwave dára jù. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí ẹnì kan bá ní kóòdù òun yára, ohun tí a máa bi í ni pé: níbo? Bí ẹ bá fẹ́ fẹ́ráìtì tó ń gbọ́ràn wéré fún iná tí kì í yí padà kíákíá, hóró ńlá ni ẹ fẹ́, iná ìléru tó pẹ́ ṣì lè borí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣájà kékeré tí iná inú rẹ̀ ń yí bìrìbìrì, hóró kéékèèké ló yẹ ẹ́. Ní ti òòfà inú sípíkà, fẹ́ráìtì oníbáríọ̀mù tàbí onísítírọ́ńtíọ̀mù, oríkunkun gan-an ni wọ́n ń rà. Wọ́n fẹ́ kí hóró rẹ̀ wà ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, débi pé ògiri kankan ò ní àyè níbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ní 2002, Rustum Roy, Dinesh Agrawal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Penn State, l'Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ya apá iná àti apá òòfà ìgbì náà sọ́tọ̀. Níbi tí apá òòfà ti lágbára jù, ètò inú fẹ́ráìtì dàrú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láìyọ́, èyí tó jẹ́ olóríkunkun tẹ́lẹ̀ sì di ọlọ́kàn rírọ̀. Bó bá jẹ́ ooru lásán ni, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti jiyàn púpọ̀ lórí ohun tó fà á.

Kí ló wá dé tí kò tíì gba gbogbo ilé iṣẹ́ kan? Ìgbì náà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12, kì í sì í kárí: ibì kan á gbóná, ibòmíràn á tutù. Ìdí tí àwo inú microwave ilé yín fi ń yí nìyẹn. Ẹyọ kan nínú yàrá ìwádìí, ìyẹn rọrùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo wọn sì jinná bákan náà, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, iná ìléru ló sì ṣì ń sun èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lọ́wọ́ wa.