Orlando Julius: Afunfèrè tí ó ti ń da sóòlù pọ̀ mọ́ háíláìfù ṣáájú ariwo Afrobeat

Bí a bá dárúkọ Afrobeat, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Fẹlá tó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ìrìn-àjò tí ó yí orin rẹ̀ padà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń da orin sóòlù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ háíláìfù ní Ìbàdàn. Orlando Julius Ekemode ni.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1943, ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà pẹ̀lú Ìkálẹ̀ títí di 1996. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tí ó dé Ìbàdàn, tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, tí ó sì ń lu ìlù fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ orin. Nígbà tí ó yá, ó di afunfèrè sasofóònù lọ́dọ̀ Eddy Okonta, gbajúmọ̀ afunkàkàkí.

Láàárín ẹ̀wádún 1960 ni ó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, Modern Aces. Àwo wọn, Super Afro Soul, jáde lábẹ́ Philips ní 1966. Nínú rẹ̀ ni Jagua Nana, orin tí ó sọ ọ́ di olókìkí, wà pẹ̀lú My Girl, orin àwọn Temptations ará Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo náà yóò rí i pé àfarawé lásán kọ́: fèrè ń sọ èdè òkè òkun, ṣùgbọ́n ìlù kò kúrò nílé.

Ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1974. Nínú àwo tí Hugh Masekela, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ṣe ní 1975, Julius ló ni orin tí wọ́n pè ní Ashiko. Orúkọ náà kò ní ṣàjèjì létí àwọn ará Ìkálẹ̀ tí wọ́n gbọ́ àṣíkò Comfort Omoge.

Ọ̀kan kù tí ó kan gógó. Ní 1977, Lamont Dozier gbé Going Back to My Roots jáde. Ní 1981, ẹgbẹ́ Odyssey tún un kọ, ó sì gbajúmọ̀ gidi ní Ìlú Ọba. Julius sọ pé òun lọ́wọ́ nínú kíkọ orin náà, ṣùgbọ́n orúkọ Dozier nìkan ni wọ́n kọ sára àwo. Orúkọ ara àwo sì ni owó ń tẹ̀lé nídìí iṣẹ́ orin.

Ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun tún Super Afro Soul tẹ̀ jáde ní ẹ̀wádún 2000 ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ní 2014, òun àti ẹgbẹ́ Heliocentrics ti Lọ́ńdọ̀nù gbé Jaiyede Afro jáde. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ó jáde láyé.