Ọjà Tó Wà Nínú Fóònù: Èrè Rẹ̀, Ewu Rẹ̀, àti Bó Ṣe Máa Rí Lọ́la

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fóònù ni. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni o. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ wa ló mú wa kọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnì kan pe ọ̀kan nínú wa lórí fóònù, ó dárúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ní ìpàdé kan fẹ́ wáyé, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ wá sórí fóònù rẹ̀, kó kà á fún òun kí òun lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá náà kà á. Ká tó wí, ká tó fọ̀, WhatsApp ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀! Olè ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga onílé, ó ń kọ̀wé sí àwa tí a jọ ń dá àjọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ọjà mi dé, owó mi ò pé. Ẹ bá mi wá nǹkan sí i, màá dá a padà lálẹ́.” Àwòrán rẹ̀ la rí, orúkọ rẹ̀ la rí. Ẹni mẹ́ta fowó ránṣẹ́, àwa tí à ń kọ ìwé yìí sì wà nínú wọn. Ká kàn pè é ká gbóhùn rẹ̀, a ò ṣe é.

Ṣé ká wá ju fóònù nù ni? Rárá o. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èrè rẹ̀.

Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí ọjà jẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, àfi kó wọkọ̀ lọ sí Èkó. Ó lè débẹ̀ kí ọjà ti gbówó lórí, kó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2004, WhatsApp tẹ̀lé e ní 2009. Lónìí, ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lè ya àwòrán aṣọ láàárọ̀, kí oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù rí i kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Owó ọkọ̀ dín kù, àárẹ̀ dín kù. Bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ bá ṣàìsàn, gbogbo wa á gbọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ìkórajọ kì í kúkú ṣe nǹkan tuntun ní Ẹ̀gbá. Ní 1946, ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀, wọ́n sì kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Fóònù wo ló wà lọ́wọ́ ọlọ́jà nígbà náà? Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló jáde ní 1947. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n mọ ara wọn lójú. Fóònù ń so wá pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ní ojú.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Èkíní ni olè tí a sọ yẹn. Èkejì ni àlẹ́ẹ̀tì òfegè: oníbàárà á ní òun ti sanwó, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, owó ò sì sí. Ẹ̀kẹta ni ìròyìn èké. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà. Fóònù ń dún lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, èèyàn 2 ló kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe báyìí:

1. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ yín.

2. Ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n bá yín fi nọ́ńbà àṣírí kejì sí WhatsApp yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yan nọ́ńbà náà, kí ẹ sì fi pamọ́.

3. Ẹni tó bá tọrọ owó lórí fóònù, ẹ pè é, kí ẹ gbóhùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣe nǹkan kan.

4. Ẹ má gbé ọjà lé oníbàárà lọ́wọ́ nítorí àtẹ̀jíṣẹ́. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí ẹ wò.

5. Bí olè bá ti wọlé, ẹ tún fi nọ́ńbà fóònù yín wọ WhatsApp. Nọ́ńbà mẹ́fà tuntun á wá sórí síìmù yín. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, olè á jáde. Ẹ tètè pe gbogbo èèyàn yín. Ẹni tó ti sanwó, kó sáré lọ sí bánkì rẹ̀, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí. Òfin tó de ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà láti 2015.

Lọ́la ńkọ́? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook àti WhatsApp dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba wa ti Twitter pa láti oṣù kẹfà títí di oṣù kìíní 2022. Ẹni tó kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ sí ojú kan, ọjọ́ tí ibẹ̀ bá tì, ìsọ̀ rẹ̀ tì nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé. Èyí tó tún le jù ni pé kọ̀ǹpútà ti lè sín ohùn èèyàn jẹ báyìí, kó dà bí ọmọ ẹni ló ń sunkún. Kí olúkúlùkù bá àwọn ará ilé rẹ̀ yan ọ̀rọ̀ kan tí ará ìta ò mọ̀, èyí tí a ó máa bi ara wa kí owó tó jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá tí wọ́n jí WhatsApp rẹ̀ kò wá sípàdé mọ́. Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó mọ̀ nípa ẹ̀. Kò mọ̀ nípa ẹ̀ o! Wọ́n ja òun lólè, wọ́n sì ja àwa náà. Àwa tí owó wa lọ kò bínú sí i. Kí ó tó di ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ bá a nílé. Ká má fi fóònù pè é. Ẹsẹ̀ wa ni ká fi lọ.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́