Ṣé o mọ̀? Lọ́yà kan, iṣẹ́ méjì

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́yà tó bá ọ kọ ìwé ilé tàbí ìwé ìhágún kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò ro ẹjọ́ rẹ nílé ẹjọ́ gíga. Sòlísítọ̀ ló ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, tó sì ń tọ́jú ìwé. Bárísítà ló ń wọ wíìgì lọ bá adájọ́.

Ní Nàìjíríà, ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Lọ́yà tó yẹ ìwé ilẹ̀ rẹ wò lánàá lè gbẹnu sọ fún ọ ní kóòtù lọ́la, torí náà kò pọn dandan kí o wá owó lọ́yà méjì.

Nínú ìtàn iṣẹ́ yìí, Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sàró, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, ní 1879.

SAN (Senior Advocate of Nigeria) tí a máa ń rí lẹ́yìn orúkọ àwọn lọ́yà kan ńkọ́? Oyè ni, kì í ṣe ipò adájọ́. Ọdún 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í dáni lọ́lá: lọ́yà méjì, Rótìmí Williams àti Graham-Douglas, ló gbà á.