Alùpùpù Tí Ó Ti Pẹ́ Nílẹ̀: Ohun Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe Kí A Tó Tún Gùn Ún

Ní àdúgbò Sábó ní Ṣàgámù, ọ̀pọ̀ àpò obì ni alùpùpù ń gbé láti oko dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò tí ń ṣà á, tí wọ́n sì ń dì í kí ọkọ̀ ńlá tó kó o lọ sí òkè Ọya. Òun kan náà ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tí ó sì ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Síbẹ̀, alùpùpù tí a fi tapólì bò mọ́ ẹ̀yìn ilé, tàbí tí a tì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti lé ju ìlọ́po méjì lọ, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àwọn mìíràn jẹ́ ogún bàbá tí àwọn ọmọ kò tíì pín.

Nígbà tí àsìkò obì bá wọlé ni onílé yóò rántí alùpùpù rẹ̀. Yóò da epo tuntun lé ti àtijọ́ lórí, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ ta kíìkì rẹ̀ títí òógùn yóò fi bò ó. Ìgbésẹ̀ yìí gan-an ni ó ń sọ àtúnṣe kékeré di ńlá. Ohun tí ó tún léwu jù ú lọ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn, inú ẹni náà yóò dùn, yóò sì gun alùpùpù náà lọ sí títì láìmọ̀ bóyá yóò lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí epo. Bí bẹntiróòlù bá wà lójú kan fún oṣù mélòó kan, èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ yóò fẹ́ lọ, ìyókù yóò sì ki bí oje igi. Oje yìí ni ó ń dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kábúrétọ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò fi ní dáhùn bí a tilẹ̀ ta á láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bí epo náà bá ń rùn bí ọ̀dà àtijọ́, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ fà jáde, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú kábúrétọ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wo inú táǹkì, kì í ṣe ìṣáná. Bí ó bá ti dípẹtà, ẹ jẹ́ kí a fọ̀ ọ́ kí epo tuntun tó wọ ibẹ̀.

Ẹ má ṣe fa epo nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: ilẹ̀ ni ó ń gbà, a kì í sì í rí i títí yóò fi dé ìdí iná. Ní àdúgbò tí ààrò ẹni tí ń sun sùyà àti ti aláàkàrà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé, ẹ ti alùpùpù lọ sí gbangba, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Gọ́tà kọ́ ni a ń da epo àtijọ́ sí, nítorí kànga aládùúgbò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí ìmutíì kan sínú ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Irin tí ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ti gbẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ kíìkì díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá mira, ẹ má fò lé e. Ẹ pe mẹkáníìkì. Ọ́ìlì àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá rí bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ fi wáyà líle gún ihò inú kábúrétọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dá a dúró. Atẹ́gùn ni a fi ń fẹ́ ẹ. Bí ihò náà bá fẹ̀ ju bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é lọ, epo tí alùpùpù yóò máa mu yóò pọ̀ sí i, ẹ̀yin ni ẹ ó sì máa san án. Ẹ tú ibi tí asẹ́ atẹ́gùn wà wò pẹ̀lú, nítorí eku fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀, ó sì máa ń jẹ wáyà iná.

Ó wá ku bíréèkì. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bíréèkì ẹ̀yìn wà nínú ìlù irin ní àárín ẹsẹ̀. Ọ̀rinrin lè mú kí ó lẹ̀ mọ́ra, ó sì lè mú kí awọ rẹ̀ ṣí kúrò lára irin. Okùn bíréèkì náà ń dípẹtà láti inú, níbi tí ojú kò ti tó o, ó sì lè já ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ fà á gidigidi. Ẹ tú u, kí ẹ wò ó, kí ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì rárá. Ẹ ti alùpùpù náà, kí ẹ tẹ bíréèkì: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró pa. Ẹ tú u sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ yí láìhá. Ṣàgámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti ìlú Bìní. Tírélà kì í sì í dúró de ẹni tí okùn bíréèkì rẹ̀ já.

Táyà tí ó gba atẹ́gùn lè ti gbó. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ta ẹ́ńjìnnì. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Òun náà ni ó ń pa àwọn tí ó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Èéfín díẹ̀ láti ara ọ́ìlì tí a kán sí i kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á.

Ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wò bóyá ọjọ́ wọn ti kọjá. Bí alùpùpù bá jẹ́ ogún, ẹ yí orúkọ inú ìwé rẹ̀ padà. Láti oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ti ń mú ẹni tí kò bá dé àṣíborí. Àwọn kan dé igbá nígbà náà láti fi tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, bí ẹni pé orí ẹ̀ṣọ́ ni yóò gbá ilẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gbé ènìyàn, ẹ má sì gbé obì. Ẹ gùn ún yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà wálé, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò, kí ẹ sì tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Bí ọ́ìlì tàbí epo bá kán sí i, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.