Alágbára àti Òfin: Ẹ̀tọ́ Ènìyàn láti Gbèjà Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ." Òwe yìí kò bu ẹnu àtẹ́ lu agbára, agbára tí kò ní òye nínú ni ó ń bá wí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, ọmọ tí ó bá lè sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí ó mọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ dáadáa, a máa di ẹni àpọ́nlé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Àwọn kan ń sáré, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn mìíràn sì ń kọ́ júdò, kí wọ́n lè ṣojú yunifásítì wọn nínú ìdíje NUGA, èyí tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n eré ìdíje ní ààlà, ó ní àkókò, ó sì ní rẹfirí tí ń fọn fèrè. Ìjà òde kò ní ọ̀kan nínú wọn. Adájọ́ ni rẹfirí ìjà òde, ìgbà tí ìjà bá sì ti parí, tí ohun tí yóò bàjẹ́ ti bàjẹ́, ni ó tó ń fọn fèrè tirẹ̀.

Ìwé òfin ọ̀ràn tí a ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà kì í ṣe ohun àná. Samuel Griffith ni ó kọ ìpilẹ̀ rẹ̀ fún ìlú Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin níbẹ̀ ní ọdún 1899. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú un wá sí Àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1904, wọ́n sì nà án dé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1916. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, òfin náà kò yẹ̀. Ó wà nínú àkójọ òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ọdún 2002, òun sì ni ilé ẹjọ́ Májísíréètì tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ fi ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó jà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní mímọ̀ ni ohun tí òfin ń pè ní ìkọlù. Kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nìkan ni. Ẹni tí ó bá gbá ènìyàn létí, tàbí tí ó tì í, tàbí tí ó fún ẹ̀wù mọ́ ọn lọ́rùn, ti kọlù ú. Ẹni tí ó bá na ẹ̀ṣẹ́ sókè láti lu ènìyàn, tí ó sì wà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, ti kọlù ú pẹ̀lú, bí ẹ̀ṣẹ́ náà kò tilẹ̀ bà á. Abala 351 nínú ìwé òfin náà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lélẹ̀ fún ìkọlù lásán. Bí ìkọlù bá ṣe ènìyàn léṣe, abala 355 sọ ọ́ di ọdún 3. Bí ó bá jẹ́ ìpalára ńlá, irú èyí tí ń ba ojú jẹ́ títí ayé tàbí tí ń ba ẹ̀yà ara jẹ́ gidigidi, abala 335 sọ ọ́ di ọdún 7. Bí ẹni náà bá kú, ọ̀ràn ti di ìpànìyàn. Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀pa, ó ṣì lè rán ẹni náà ní ẹ̀wọ̀n gbére. Bí ó bá rí i pé àmọ̀ọ́mọ̀pa ni, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo lè gbé ènìyàn láti ìpele àkọ́kọ́ dé ibi ìpànìyàn, nítorí pé ẹni tí a lù lè ṣubú, kí ó sì forí sọ òkúta.

Ṣé kí ẹni tí a kọlù wá ká ọwọ́ gbera kí wọ́n máa lù ú ni? Rárá o. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó jẹ́ akànṣẹ́ ń bọ̀ láti pápá ìṣeré ní ìrọ̀lẹ́. Ó gun ọ̀kadà dé Mayfair, ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì sì di àríyànjiyàn láàárín òun àti ọlọ́kadà. Bí ọlọ́kadà bá bú u, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kò sí ìkọlù tí ènìyàn lè gbèjà ara rẹ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà bá gbá a létí, tí ó sì tún gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀tọ́ ti wọlé nísinsìnyí. Abala 286 gba ẹni tí a kọlù, tí kì í ṣe òun ni ó wá ìjà, láyè láti lo ìwọ̀n agbára tí ó tó láti dá ìkọlù náà dúró. Ó lè di ọwọ́ ọlọ́kadà mú, ó lè tì í sẹ́yìn, ó tilẹ̀ lè lù ú padà bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tí yóò fi dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n agbára náà kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó lè pa ènìyàn tàbí tí ó lè ṣe ìpalára ńlá. A kì í fi òkúta dá ìgbátí padà.

Bí ọlọ́kadà bá wá fa ọ̀bẹ yọ ńkọ́? Níhìn-ín ni òfin ti fẹ ẹ̀tọ́ náà sí i. Bí ìkọlù bá jẹ́ irú èyí tí ó lè mú kí ọlọ́gbọ́n ènìyàn bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, tí ẹni tí a kọlù sì ní ìdí gidi láti gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí òun fi lè là, ó lè lo agbára tí ó bá yẹ, bí agbára náà tilẹ̀ lè já sí ikú. Abala 288 fún ẹni tí ó bá ń gba ẹlòmíràn sílẹ̀ ní irú ẹ̀tọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí ní òpin. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà gbá ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà, tí ọlọ́kadà sì yí padà, tí ó ń sá lọ. Ewu ti kọjá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá lé e bá, tí ó dá a dé ilẹ̀, tí ó sì ń lù ú, kì í ṣe ara rẹ̀ ni ó ń gbèjà mọ́; ẹ̀san ni ó ń gbà. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ẹni tí ó jàre ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́bi.

Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ kò ní àǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Abala 287 ní bí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọlù bá rí i pé èkejì fẹ́ gba ẹ̀mí òun, ó gbọ́dọ̀ ti jáwọ́ nínú ìjà, kí ó sì ti sá sẹ́yìn níwọ̀n bí ó ti ṣeé ṣe, kí ó tó lè sọ pé òun ń gbèjà ara òun. Ní ti ìbínú, òfin mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara ni ènìyàn. Bí ìwọ̀sí bá mú ènìyàn bínú lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè kó ara rẹ̀ níjàánu, òfin lè fojú fo ìkọlù kékeré tí ó bá ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ikú bá wáyé, irú ìbínú bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹ̀sùn àmọ̀ọ́mọ̀pa di èyí tí ó fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò lè nu ẹ̀sùn náà nù. Ẹni tí ó bá sì lọ sílé, tí ó jẹun, tí ó sùn, tí ó wá padà wá gbẹ̀san ní ọjọ́ kejì, kò lè fi ìbínú ṣe àwáwí.

Ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà ti ka ohun mẹ́rin tí a ó wò nígbà tí ẹni tí ó pa ènìyàn bá sọ pé òun ń gbèjà ara òun. Èkíní, kì í ṣe òun ni ó fa ìjà náà. Èkejì, ewu ikú tàbí ti ìpalára ńlá wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ẹ̀kẹta, kò sí ọ̀nà àbáyọ tí ó lè gbà sá. Ẹ̀kẹrin, ó di dandan kí ó ṣe ohun tí ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, pé ẹni tí ó bá kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ tàbí káráté gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nítorí pé ọwọ́ náà ti di ohun ìjà. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n adájọ́ yóò wo ọjọ́ orí àwọn méjèèjì, bí wọ́n ti tóbi tó, ẹ̀kọ́ ìjà tí ẹnì kan kọ́, àti ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Agbára tí ó jẹ́ ìgboyà fún ọmọ tí kò lókun lè jẹ́ àṣejù lọ́wọ́ akànṣẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn. Ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọmọ ọdún 18 kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Virginia Tech lu ọkùnrin kan nínú ilé ọkùnrin náà ní ìlú Blacksburg, ọkùnrin náà sì kú. Ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́ náà, wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, yunifásítì sì dá a dúró. Nígbà tí ó ń rojọ́, ó ní òun rò pé ọkùnrin náà ń nawọ́ sí ohun ìjà. Agbẹjọ́rò ìjọba ní kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó lu ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ará ìlú 12 tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò jẹ̀bi. Ní Nàìjíríà, adájọ́ nìkan ni ì bá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ náà gba ìdáláre, ṣùgbọ́n ìdáláre kò jí òkú, kò sì dá ọdún tí ó fi jẹ́jọ́ padà.

Bí ọ̀ràn bá dé bá ọmọ ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú abala 35, ní ẹni tí a mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí a fi mú un sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí a gbé mú un, ọjọ́ kan ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e lọ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 36 sì ní aláìjẹ̀bi ni títí a ó fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Bí olùjẹ́jọ́ bá ti sọ pé òun ń gbèjà ara òun, tí ẹ̀rí sì wà tí ó gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ìjọba ni yóò fi hàn, láìsí iyèméjì kankan tí ó nídìí, pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí bá ọ̀rọ̀ àwọn baba wa mu, pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ gbogbo abala òfin wọ̀nyí lórí kò ní ọgbọ́n tó ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ṣẹ́ńjì sílẹ̀ fún ọlọ́kadà ní Mayfair, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, pàdánù owó díẹ̀. Kò pàdánù ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò pàdánù eré tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́, òru kò sì ṣú u sí àtìmọ́lé. Ìjà kò dọlà, orúkọ ni ó ń sọni. Alágbára tí ó bá ní èrò ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lo ọwọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó lo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kúrò níbẹ̀.