Mẹ́nù Orí Ìlà Irinṣẹ́ àti Àmì Ohùn Yorùbá

Bí mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí mẹ́nù kọ̀ǹpútà lónìí, kí ẹ̀yin olùgbọ́ mi má ṣe rò pé mo ti pa lítíréṣọ̀ tì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ̀ pé ‘oko iyawo naa baje’. Ṣé ọkọ̀ ni ó bàjẹ́ ni, àbí ọkọ? Ó dá mi lóhùn pé ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n wíwá àmì kiri ti sú òun. N kò lè bá a wí púpọ̀. Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ọ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. A ní láti kọ ọ, kí a tó fi àmì lé e lórí.

Mẹ́nù tí ń ṣí wálẹ̀ lè gbà wá. Bill Atkinson ni ó ṣe irú rẹ̀ fún Lisa, kọ̀ǹpútà tí Apple gbé jáde ní 1983, kí ènìyàn lè máa rí àṣẹ kí ó sì yàn án, dípò kí ó há a sórí.

Nínú Microsoft Word ti 2003, a lè fa mẹ́nù òfìfo sórí ìlà irinṣẹ́, kí a sì kó àṣẹ tí ó wù wá sínú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn parẹ́ nígbà tí Ribbon dé ní 2007, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà lórí Windows. Ẹ kọ ọ̀, ẹ fa àwọ̀ bò ó, kí ẹ tẹ Alt àti F3 pọ̀. Nínú àpótí tí ó bá ṣí, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, kí ẹ sì yan AutoText níwájú Gallery. Fáwẹ́lì àìránmúpè wa jẹ́ 7. Bí a bá fi àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sí wọn, wọ́n di 14. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí File, Options, Quick Access Toolbar. Ẹ yan All Commands, ẹ wá AutoText, kí ẹ tẹ Add. (Nínú àtòkọ yẹn, ọfà kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ ni ó ń fi hàn pé mẹ́nù ni.) Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tẹ AutoText lókè, àwọn lẹ́tà yín yóò tò wálẹ̀; èyí tí ẹ bá yàn yóò bọ́ síbi tí ẹ ń kọ̀wé dé.

N kò kó lẹ́tà ńlá sínú tèmi. Mẹ́nù tí ó bá gùn jù a tún máa sọ wá di ẹni tí ń wá nǹkan kiri.