Ìjà Inú Kọ́lé

Iwájú, kátúùnù alápá mẹ́fà tí àwọn ọmọ Kugali ṣe pẹ̀lú Disney, jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Èkó ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà ti wáyé. Tọ́lá ń gbé ní Erékùṣù nínú ọlá. Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé ní Mainland nínú ìṣẹ́.

Ẹ ó sọ pé Bọ̀dé ajọ́mọgbé ni ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú Kọ́lé gan-an ni ìjà ti le jù. Ara ìyá rẹ̀ ò yá, owó ò sí. Bọ̀dé sì fi ìyẹn mú un, kó lè rí Tọ́lá gbé. Ìyá lọ́tùn-ún, ọ̀rẹ́ lósì. Ìforígbárí ẹ̀dá-ìtàn tó ń dunni nìyẹn: rere méjì ló ń ja ọmọ kan gbà.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àyè. Nínú àlọ́ àpagbè wa ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, orin ni bíréèkì. Tí apàlọ́ bá débi tó le, á dá orin, àwọn ọmọ á gbè é, bí wọ́n ti ń gbè é ni kálukú ń rò ó pé, “Háà, kí ló fẹ́ ṣe báyìí?” Kátúùnù ò ní ẹlẹ́gbè. Ojú ẹ̀dá-ìtàn tó dákẹ́ díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ orin níbẹ̀.

Abala kọ̀ọ̀kan Iwájú jẹ́ bí 20 ìṣẹ́jú. Lójú tèmi, ìdààmú Kọ́lé rí àyè tó, àmọ́ ìlàjà òun àti Tọ́lá yá jù. Ẹni tí ọ̀rẹ́ dà kì í tètè gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀tàn, ẹ máa sáré níbi tó yẹ. Níbi tí ọkàn bá ti pín sí méjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.